Omi Eérú

Ní kùtùkùtù, kí àwọn ọlọ́kadà Òkè-Fíà tó jí,
mo ti da hóró mẹ́rin sí àtẹ́lẹwọ́:
méjì tí kì í jẹ́ kí ara mi bá kíndìnrín àbúrò mi jà,
ọ̀kan fún ẹ̀jẹ̀ ríru,
àti èyí, funfun bí ẹfun, bí iyọ̀ tó ṣìnà lẹ́nu.
Sódà ni wọ́n ń pè é.
Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọdún kẹta rèé tí Múnírátù yọ kíndìnrín kan fún mi.
Ó ní, “Bọ̀dá Làmídì, méjì l'Ọlọ́run fún mi, ẹ gba ọ̀kan.
Ẹ má ṣáà fi mu ẹmu.”
Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.
Nígbà tí mo là 'jú lórí bẹ́ẹ̀dì, ìtọ̀ mi ti ń kán sínú ike,
tó, tó, tó.
Mo ti gbọ́ ìró yẹn rí.

Àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mo ti gbọ́ ọ,
nídìí ìkòkò ìyá wa.
Ìkòkò oníhò lókè, èyí tí kò níhò nísàlẹ̀,
eérú igi nínú ti òkè, omi lórí eérú,
omi á wá máa kán bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Ẹni tó bá kánjú da omi kún un, a gbá a létí.
Ìyá wa á ti ìka bọ̀ ọ́, á fi kan ahọ́n:
“Kò tíì ta. Ẹ fi í sílẹ̀.”
Torí bí omi eérú kò bá ta, èlú kò ní í jí,
aṣọ á wọnú aró, á jáde bí ojú ọ̀run ọjọ́ ọyẹ́,
owó oníbàárà Ìkìrun á sì di gbèsè.

N kò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ náà ń fẹ́ omi eérú tirẹ̀.
Dókítà Ọláníhùn ló sọ ọ́, lábẹ́ fáànù tó ń ké bí ọmọ ewúrẹ́:
“Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín ti ń kan,
bí ògì tí a kò pààrọ̀ omi rẹ̀.
Kíndìnrín yìí ń gbìyànjú, àmọ́ òun nìkan ni,
kò lè kó gbogbo kíkan náà dànù.
Egungun yín ló ń san gbèsè rẹ̀.”

Mo ní, “Kán-ún wà nílé.”
Ó fò dìde. “Èèwọ̀!
Kán-ún tí wọ́n fi ń se ilá? Ohun tó wà nínú rẹ̀
lè dá ọkàn yín dúró lóru.
Hóró tí a wọ̀n ni, iye tí mo kọ ni.”

Ọkàn. Mo bi í léèrè ọkàn,
torí ọkàn ló mú bàbá wa lọ, lórí ìjókòó,
pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́ rẹ̀:
“Ṣé sódà yìí á bá mi ṣọ́ òun náà?”
Dókítà dákẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìdákẹ́ yẹn.
“A ò tíì mọ̀ dájú,” ló wí.
“Iyọ̀ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ sì lè wú ènìyàn.
Bí ẹsẹ̀ yín bá wú, ẹ pè mí.”
Láti ìgbà náà ni mo ti ń tẹ ọrùn ẹsẹ̀ mi lálaalẹ́
bí ẹni tó ń wò ó bóyá ìbẹ́pẹ ti rọ̀.

Múnírátù wá lánàá. Kò kí mi kó tó béèrè:
“Kíndìnrín mi ńkọ́?”
Mo ní ó ń kí i.
A jókòó sí àgbàlá. Adìyẹ ti sọ ìkòkò oníhò di ìtẹ́,
ẹyin mẹ́fà, eérú díẹ̀ nídìí rẹ̀ síbẹ̀.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún dókítà:
kí n tó gbé hóró náà mì láàárọ̀,
mo máa ń fi kan orí ahọ́n ná.
Kò ta.